Àgbàdo Inú Eérú

Màámi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti se àgbàdo inú eérú yín jẹ.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ míì tí màá fi ṣáájú rẹ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí yín. Mo fẹ́ sọ fún yín pé òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò, àti pé ẹni tó gba ìjókòó yín ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sùn bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Bí nǹkan bá há mi lọ́fun, omi gan-an kì í kọjá. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Àgbàdo tí ìyá yín fún yín, tí ẹ̀ ń gbìn lọ́dọọdún, tí ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín ṣà, tí ẹ ń rì mọ́nú eérú kí kòkòrò má baà débẹ̀, wọ́n ti sè é, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Bùrọ̀dá Dáre ti dé láti Kánádà. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ tí kò pé nígbà ìsìnkú yín ti wá pé. Ó dé síbi sàréè yín, ó dúró, ó kàn ń fi bàtà gbá òkúta kékeré kan síwá sẹ́yìn títí mo fi ní kó wá jẹun. Ó ní òun kò fẹ́ padà mọ́. Ó ti gbẹ́ kòtò ẹja sí ẹ̀yìn ilé, lápá ibi tí Bàámi máa ń so ewúrẹ́ mọ́. Ó sì mú ìyàwó rẹ̀ wá, Lúpè, obìnrin ará Mẹ́síkò tí ẹ máa ń rí lójú fóònù. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sún mọ́ fóònù náà títí imú yín nìkan á fi kún ojú rẹ̀, tí ẹ á máa pariwo bí ẹni ń pe èèyàn láti òdìkejì odò: Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Òun náà á máa rẹ́rìn-ín, á máa juwọ́. Kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí ẹ sọ.

Ó lóyún, Màámi. Ọmọ-ọmọ yín àkọ́kọ́.

Kò sì jẹun. Ìbéèrè yín yẹn, mo fẹ́ dáhùn rẹ̀ fún yín: kò jẹun rárá. Oyún náà kò gbà á láyè. Tó bá gbóòórùn irú, á sáré jáde. Iyán, Màámi, iyán ìlú wa Ìṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń ti Àkúrẹ́ wọkọ̀ wá jẹ! Ó fi ìka mú òkèlè, ó wò ó bí ẹni wo ọmọ ọlọ́mọ, ó sì rọra gbé e padà sínú àwo. Píà inú ọgbà wa pẹ̀lú iyọ̀ ni nǹkan tó ń dúró nínú rẹ̀. Píà àti ata rodo. Mo ní ata rodo o. Ó bù ú jẹ ní tútù bí ẹni jẹ ọsàn, ojú rẹ̀ tàn, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí nílùú àwọn. Èmi tí mo jókòó tì í ni omi ń dà lójú mi.

Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní tọ̀tíyà. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó rí pẹlẹbẹ, ó fẹ́lẹ́, wọn kì í fi epo sí i, orí páànù gbígbóná ni wọ́n ti ń yan án, wọ́n á wá fi bu ẹ̀wà tàbí ẹran jẹ. Bùrọ̀dá ní nílùú wọn, tí tọ̀tíyà kò bá sí lórí tábìlì, a jẹ́ pé èèyàn kò tíì jẹun. Bíi tiwa pẹ̀lú iyán.

Ẹ ò bá wá wo wàhálà. Bùrọ̀dá ra ìyẹ̀fun àgbàdo inú ọ̀rá kan ní Ìkẹ́rẹ́. Lúpè pò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kaná, ó sán káàkiri bí ètè èèyàn nígbà ọyẹ́. Mo fún un ní ògì. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kó kan. Ó wá fi ẹnu àti ọwọ́ ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe lílọ̀ nìkan, àgbàdo náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ìyẹ̀fun funfun kan tó dà bí ẹfun hó lórí iná kí èèpo ara rẹ̀ lè bọ́, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dì mọ́ra. Bùrọ̀dá gbọ́ ọ ní ìyẹ̀fun funfun, ó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dà lọ, ó gbé nǹkan tí wọ́n fi ń kun ògiri wálé. Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Mi ò bá a jà, ẹ mọ̀ pé mi ò lè jà, mo kàn gbé e pamọ́. A dán kánún wò. Kánún mú kí ó dúdú, ó sì korò. Ọjọ́ yẹn ni Lúpè jókòó sórí àpótí yín nínú ilé ìdáná tó sunkún láìgbé ọwọ́ bojú, bí ọmọdé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Bùrọ̀dá sọ fún mi pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ àwọn máa padà sí Kánádà. Ó ní, "Ṣé kí n máa wò ó kí ebi pa á lójú mi ni? Nǹkan tó máa jẹ wà níbẹ̀. Kò sí níbí." Mo ní kòtò ẹja ńkọ́? Ó ní kí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ máa gbénú rẹ̀.

Mo ń ro ohun tí ẹ máa ń sọ, pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ Dáre jẹ́ ọmọ ojú fóònù. Ta ni màá lọ sọ fún? Èmi nìkan ni màá tún kù nínú ilé yìí pẹ̀lú àwọn nǹkan yín.

Nínú àwọn nǹkan yín, ìkòkò irúgbìn yẹn ni mo ń ṣọ́ jù. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbàgbé bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ kì í mú wóró ìdí, ẹ kì í mú wóró orí, àárín àgbàdo nìkan ni ẹ máa ń mú. Ẹ á sẹ́ eérú ní asẹ́ títí á fi kúnná bí àtíkè. Ẹ á da eérú, ẹ á da àgbàdo, ẹ á tún da eérú, ẹ á wá fi igbá bò ó sí igun ilé ìdáná níbi tí ooru iná ń dé díẹ̀. Gbogbo àgbàdo náà funfun, ṣùgbọ́n ẹ máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ pupa kan sí i. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí ni tìtorí pupa, ẹ ní, "Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ẹ fi lọ, ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìgbà tó yẹ kí a gbìn ín ni a sin yín. Kò sẹ́ni tó rántí oko. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé irúgbìn tó bá fo ọdún kan ṣì lè hù, tó bá fo méjì, ó ti sùn lọ nìyẹn. Nítorí náà ọdún yìí ni, kò sí òmíràn. Mo ti kọ ebè sílẹ̀ lẹ́bàá igi píà. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró, nítorí ẹ máa ń sọ pé àkọ́rọ̀ kàn ń fẹnu dídùn tan irúgbìn jáde ni, òjò kejì ló ń fẹ́ ẹ. Òjò kejì ni mò ń dúró dè.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ níbi tí mo ti ń tẹ̀wé nítòsí sẹkitéríàtì, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, ọ̀gá ní kí a máa lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà létí títì. Bí mo ṣe yà sí ọ̀nà ilé ni mo gbọ́ ọ.

Màámi, ìró ọlọ yín ni.

Mi ò lè ṣì í gbọ́. Ọmọ ọlọ yín ti jẹ lápá kan. Tí ẹ bá tì í lọ, á dún wàì. Tí ẹ bá fà á bọ̀, á dún kuru. Wàì, kuru. Wàì, kuru. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ni mò ń gbé ata lọ. Orí mi wú. Mo dúró ti igi píà, mo di báàgì mọ́ àyà, mo sì gbọ́ tí ẹnu ara mi sọ pé, "Màámi?"

Ìró náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Lúpè ló kúnlẹ̀ ti ọlọ. Ó kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kúnlẹ̀, ó ká aṣọ sẹ́sẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ko ohun tó ń lọ̀ padà sí àárín. Ta ló kọ́ ọ? Mo rò pé àwa nìkan la ní ọlọ láyé yìí. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti dé, mi ò rí eyín rẹ̀ tó báyìí. Nǹkan funfun kan wà lórí ọlọ, ó ń dán, ó dì mọ́ra bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Agbada tí ẹ fi ń yan gàrí wà lórí iná. Tọ̀tíyà kan wà nínú rẹ̀, ó ń wú sókè bí ẹni ń mí.

Ó ní, "Àbúrò! Wá, wá! Jẹ!" Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó mọ̀ nìyẹn.

Òórùn kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, àgbàdo, eérú tútù, òkúta. Mo fẹ́ bi í pé báwo lo ṣe rí i ṣe, ibo lo ti rí ìyẹ̀fun funfun náà. Ojú mi sì lọ sí igun.

Ìkòkò yín wà níbẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Màámi, ó mọ́ tónítóní. Igbá tí ẹ fi ń bò ó wà lórí rẹ̀, òun náà mọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Mo kàn ń wo ìkòkò náà. Lúpè ti dìde, ó ti mú tọ̀tíyà kan, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó ká a, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó gbóná. Òun náà mú tirẹ̀, ó bù ú jẹ, ó di ojú, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń jẹ, ó ń jẹ. Mò ń dúró kó sáré jáde. Kò sáré jáde. Ó mú òmíràn.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ máa gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni? Aboyún, tí kò jẹun láti ìgbà tó ti wọlé? Mo fi tèmi sẹ́nu. Mo fẹ́ kó korò. Mo fẹ́ kó dàbí ti kánún. Ó dùn, Màámi. Ó dùn gan-an, ó rọ̀, ó sì ní adùn àgbàdo ju bí mo ṣe mọ àgbàdo sí lọ. Mo gbé e mì pẹ̀lú omijé, mo sì sọ fún Lúpè pé èéfín ni.

Nígbà tí Bùrọ̀dá dé láti ibi kòtò ẹja, ó bá a níbi tó ti ń jẹun. Ó kọ́kọ́ dúró, ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ojú tirẹ̀ náà lọ sí igun. Ó yíjú sí mi, ó ní,

"Ṣé kì í ṣe..."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jẹun, kó tó tutù."

Ó jẹun. Àwa méjèèjì kò wo ojú ara wa. Lúpè nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń pa Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ èdè tirẹ̀, ó ní lọ́jọ́ tí àgbàdo yìí bá tán, ṣé mo lè mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, nítorí gbogbo èyí tí òun ti rà lọ́jà, kò sí èyí tó dàbí rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jáde lọ wo ebè mi. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹ̀fọn fi lé mi wọlé.

Èmi rò pé bó ṣe máa parí nìyẹn: kí n gbé e mì, kí ó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ̀. Àmọ́ ẹ mọ àbúrò yín.

Àǹtí Ẹmùrẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì lórí ọ̀kadà, iṣu wà níwájú, iṣu wà lẹ́yìn, àwọn wà láàárín. A ti gbọ́ ohùn wọn kí a tó rí wọn.

"Ẹ ń bẹ ní ulé o? Ìyàwó wa, ikùn ńkọ́? Uṣu rèé, uṣu gidi, kì í ṣe ọ̀rá tí ẹ ń já jẹ lókè òkun!"

Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ kó iṣu sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé tí Àǹtí bá dákẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Kí ló ṣe ùkòkò ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ta ló fọ ùkòkò yìí? Urúgbìn inú ẹ̀ dà?" Wọ́n wo agbada, wọ́n wo ọlọ, wọ́n fi ìka kan ohun tó gbẹ mọ́ ọn, wọ́n gbé ìka náà sí imú. "Ẹ sè é? Yéè! Ta ní í se urúgbìn? Ọdún tí ebi mú gbogbo Èkìtì, tí a ń jẹ ewé, ìyá wa ò fọwọ́ kan ùkòkò yìí!"

Bùrọ̀dá ní, "Ẹ rọra, Àǹtí. Kò mọ̀."

"Kò mọ̀! Ìwọ ńkọ́, ìwọ náà ò mọ̀? Àbí òtútù Kánádà ti gbọ́n ọpọlọ orí ẹ dànù ni?" Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ tí o ń ṣọ́ ilé, o wà níbẹ̀, o ń wò bí ère!"

Lúpè ti jáde wá. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó rí ìka tí wọ́n ń nà, ó rí ìkòkò, ó rí ojú mi. Ó bi ọkọ rẹ̀. Bùrọ̀dá wo ilẹ̀, ó sọ fún un.

Màámi, mo ti rí i tí èèyàn pupa di funfun. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sórí ilẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bí obìnrin tí wọ́n túfọ̀ fún. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè rẹ̀, Bùrọ̀dá ń gbìyànjú láti máa túmọ̀ rẹ̀. Ó ní nílé ìyá ìyá òun, orí àjà lókè iná ni wọ́n ń so irúgbìn mọ́, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án á jìyà. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó lè jẹ irúgbìn. Ó ní òun ṣí ìkòkò, òun rí àgbàdo nínú eérú. Nílé àwọn, tí ìyẹ̀fun funfun yẹn bá wọ́n, eérú ni àwọn àgbà ń lò dípò rẹ̀, òun ti gbàgbé, àfìgbà tí òun rí i. Àgbàdo àti eérú nínú ìkòkò kan, kí tún ni òun ì bá rò?

Bùrọ̀dá wo ìkòkò náà. Ó wá ní, "Ó ní òun rò pé Màámi ló pèsè é sílẹ̀ de òun kí wọ́n tó lọ."

Ẹnu Àǹtí ti là láti bú u. Wọ́n pa á dé. Wọ́n tú gèlè, wọ́n tún un wé, wọ́n tún tú u. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò rí Àǹtí bẹ́ẹ̀ rí, àní níbi ìsìnkú yín.

Wọ́n wá ní ohùn jẹ́jẹ́, "Ìyá ọkọ tó ti kú ń gbọ́ únjẹ ìyàwó sílẹ̀. Hùn. Ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe é."

Ibẹ̀ ni Lúpè ti fò dìde. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bì. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé agolo mílíìkì kan wá láti ojú fèrèsé, ó fi ọ̀rá dé e lórí. Mo ti rí agolo náà láti àná, mi ò sì bìkítà. Ó ṣí i, ó nà án sí Àǹtí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Àgbàdo pupa ni, Màámi. Àgbàdo pupa yín. Ó gbẹ, eérú ṣì wà lára rẹ̀.

Bùrọ̀dá ní ó ní nílé àwọn, wọn kì í pa àwọ̀ pọ̀ sínú ìkòkò kan, nítorí wọn kì í jinná pọ̀. Funfun ni fún tọ̀tíyà, pupa ní ọjọ́ tirẹ̀, ohun mímu ni wọ́n ń fi í ṣe. Nítorí náà kó tó gbé ohunkóhun kaná, ó ti jókòó, ó ti fi sùúrù ṣa pupa kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ míì ni.

Mo di férémù ìlẹ̀kùn mú. "Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀." Ohùn yín ni mo gbọ́, bí mo ṣe gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí mo bi yín.

Àǹtí ju wóró kan sẹ́nu, wọ́n fi eyín là á, wọ́n tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Gbogbo wa ń wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Wọ́n ní, "Ó wà láàyè." Wọ́n wá kọjú sí Lúpè, wọ́n fi ìdí ọwọ́ nu omijé rẹ̀ bí ẹni ń nu tábìlì. "Dìde, ìyàwó. Ìwọ lo jẹ ẹ́, ìwọ lo máa gbìn ín. Ọwọ́ aboyún kì í ṣọwọ́ òfo. Tí kò bá hù, ìwọ ni màá bá wí. Tó bá hù, ọmọ rẹ ló máa jẹ ẹ́. Dáre, sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́, má bù ú kù."

Bùrọ̀dá sọ ọ́. Lúpè mi orí, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò..."

"Ta ni àbúrò rẹ?" Àǹtí ké. "Ọkọ rẹ ni! Ọmọ ilé lo bá nílé, ọkọ rẹ kékeré ni. Ẹni tó jẹ irúgbìn ìyá ọkọ tán, ó tún ń pe ọkọ ní àbúrò!" Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yín gan-an ni, Màámi, èyí tó máa ń parí pẹ̀lú ikọ́.

A gbìn ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mi ò dúró de òjò kejì mọ́. Mò ń fi ọ̀kọ́ la ilẹ̀, Lúpè ń ju wóró sí i, ó ń sọ nǹkan kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lábẹ́ ẹnu. Mi ò bi í pé kí ni. Ẹ̀yin náà máa ń sọ nǹkan, ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ rí. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, òjò gidi, ó lu páànù títí a ò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Ọjọ́ Sátidé kọjá. Àpótí ẹrù wọn ṣì wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá ti kó aṣọ inú rẹ̀ jáde, ó ń kó oúnjẹ ẹja sí i.

Nísinsìnyí, àgbàdo funfun ọjà ni Lúpè ń sè, ó ń fi eérú inú àdògán wa sè é. Ó ní kò tó tiyín, àmọ́ ó ń dì mọ́ra. Àwọn ará àdúgbò ń yọjú wá wo obìnrin tó ń fi eérú se oúnjẹ. Ìyá tó ń ta bisikíìtì níwájú ilé wa kọ́kọ́ ní kí n ṣọ́ra, pé bóyá òògùn ni. Lánàá, òun fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ wá pé ṣé ó ṣẹ́kù. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń jí sí ìró ọlọ. Wàì, kuru. Gbogbo àárọ̀ náà ni àyà mi ń já, kí n tó rántí.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Pupa yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ni? Tàbí ẹ kàn fẹ́ràn rẹ̀ lójú bẹ́ẹ̀? Kí ni ẹ rí tí èmi tí mo jókòó tì yín kò rí?

Láàárọ̀ òní ni mo rí wọn. Mo ń lọ da omi nù ni. Wọ́n ti yọ, Màámi, wọ́n tò lọ lórí ebè, wọ́n ká ara wọn bí ìwé tí wọ́n yí pẹ́ńpẹ́. Ìdí wọn kò rí funfun bí ti tẹ́lẹ̀. Ó pọ́n. Mo pariwo. Èmi! Lúpè sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún àgbàdo lílọ̀, ó rò pé ejò ni.

Nítorí náà mò ń sọ fún yín ṣáájú, kí ó má baà ṣe yín bó ṣe ṣe mí. Tó bá di ìgbà tí àgbàdo gbó, tí ẹ bá ń wo ẹ̀yìn ilé wa láti ibi tí ẹ wà, tí ẹ ò bá rí èyí tí ẹ mọ̀, ẹ má ṣe rò pé oko olóko ni. Oko yín ni. Pupa ló kù, pupa la gbìn.

Èmi ni, ọmọ yín, ọkọ kékeré ìyàwó yín, tí ẹnu rẹ̀ kò tíì padé.